Kọ́pùlà haidirọ́líìkì mẹ́ta, owó mẹ́ta: èwo ni kí Màmá rà?

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Kubwa, ló kọ̀wé sí mi. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi ra tírákítọ̀ Massey Ferguson 375 kan, wọ́n sì ń fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ ní Gwagwalada àti Kwali. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kọ́pùlà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn tírákítọ̀ mi, níbi tí wọ́n ń ki họ́ọ̀sì haidirọ́líìkì bọ̀. Méjì ń jò. Dírẹ́bà mi lọ bèèrè owó rẹ̀ lọ́jà. Tuntun kan wà tí akọ (tẹnu họ́ọ̀sì) àti abo (ti ara tírákítọ̀) rẹ̀ jẹ́ ₦8,500, tòkunbọ̀ wà ní ₦15,000, tuntun mìíràn tún wà tí wọ́n ní ti Italy ni, ₦32,000. Dírẹ́bà ní bákan náà ni gbogbo wọn, pé kí n ra èyí tí owó rẹ̀ kéré. Tírélà típà tí a fi ń kó àgbàdo àti haró onítáyà ni à ń so mọ́ ọn. Èwo ni kí n rà tí wọn ò fi ní rẹ́ mi jẹ?"

Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú iṣẹ́ oko lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bí ti ₦32,000 yẹn bá jẹ́ ojúlówó, òun ni kí ẹ rà fún ojú tí tírélà ń lò. Bí owó kò bá tíì yọ̀ǹda, tòkunbọ̀ tó ṣì le koko, tí ẹ pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, ló kàn. Ti ₦8,500 yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú kọ́bọ̀ kan jáde, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí dírẹ́bà yín kọ́kọ́ wò, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò kọ́pùlà kankan.

Ẹ ní ó ń jò. Ibo ló ti ń jò? Ibi mẹ́ta ni kọ́pùlà ti máa ń jò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwòsàn tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí họ́ọ̀sì wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ló ń jò, tó sì dákẹ́ tí ẹ bá yọ họ́ọ̀sì, rọ́bà róbótó inú abo, èyí tí àwa ń pè ní O-ring, ló ti já tàbí tó ti gbó. Rọ́bà yẹn kò tóbi ju òrùka ìgbéyàwó lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ́pùlà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí kò sí họ́ọ̀sì lẹ́nu rẹ̀ ló ń kán, fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, ni kò padé mọ́: bóyá yanrìn há sí i, bóyá sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ, bóyá ibi tí fáàfù ń jókòó lé ti họ. Ti yanrìn, ẹ̀ẹ́ fọ̀ ọ́ dànù. Tó bá ti họ, kọ́pùlà tuntun lọ̀rọ̀ kàn. Bó bá sì jẹ́ ìdí ló ti ń jò, níbi tí wọ́n ti fi tíréèdì (ojú yíyí bíi ti nọ́ọ̀tì) dè é mọ́ ara tírákítọ̀, kọ́pùlà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tíréèdì tàbí wọ́ṣà ló lẹ́jọ́.

Kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, kó fi aṣọ mímọ́ nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ. Kó tan ẹ́ńjìnnì, kó gbé tírélà sókè, kó sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Kó pa á, kó wá wo ibi tí epo ti kọ́kọ́ yọjú. Ojú ni kó fi wò ó, kó má fi ọwọ́ kàn án. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé epo tó ń kán díẹ̀díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀kán kan bá ń jábọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú iṣẹ́ wákàtí 10, ẹ̀kán 36,000 ti lọ sílẹ̀. Epo tó wà nínú ìyẹn lé ní lítà kan. Láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kan ti wọ ilẹ̀ Kwali lọ láìṣe ilẹ̀ náà lóore. Lórí Massey Ferguson irú tiyín, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí epo kan náà ló ń ṣiṣẹ́ haidirọ́líìkì tó tún ń rẹ gíábọ́ọ̀sì. Epo tó ń jò lẹ́yìn yẹn, epo gíábọ́ọ̀sì yín ni. Eruku tó bá gba ẹnu kọ́pùlà wọlé náà, àárín àwọn gíà yín ló ń lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé kọ́pùlà gan-an ló ti bàjẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí a óò bèèrè ni pé ṣé ó bá tiwa mu. Ó yẹ kí owó tẹ̀ lé e ni. Dírẹ́bà yín kò parọ́ o, àwọn kọ́pùlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra lójú. Irin funfun ni wọ́n, wọ́n ń dán, ìdajì ínṣì ni oníṣọ́ọ̀bù sì máa pe gbogbo wọn. Àmọ́ ìdajì ínṣì méjì ló wà lọ́jà wa tí kì í wọnú ara wọn. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé òfin tí wọ́n ń pè ní ISO 7241 A. Òun ló wọ́pọ̀ lórí tírákítọ̀, òun náà ló bá òfin ISO 5675 tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ oko mu. Èkejì ni B, tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ẹ fi géèjì wọn orí akọ wọn: ti A máa ń jẹ́ bíi mílímítà 20.5, ti B bíi 23.5. Mílímítà mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ra B mẹ́rin bọ̀ láti Kaduna, tó sì wakọ̀ padà lọ dá a padà. Ẹ má ní kí dírẹ́bà fi orí sọ ọ́. Kó tú akọ kan kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì tírélà, kó gbé e dání lọ sọ́jà, kó kì í bọ abo tí wọ́n fẹ́ tà fún un. Tó bá wọlé tó sì ró "ká!" lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn orí, ẹ wo ìdí. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ jù, ẹni tó ń tà á gan-an lè má mọ̀. Tíréèdì BSP, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé dé, àti NPT, tí ọjà Amẹ́ríkà ń lò, tí wọ́n bá jẹ́ ìdajì ínṣì, 14 ni eyín tíréèdì tó wà nínú ínṣì kan fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà ẹ ó ki ọ̀kan bọnú èkejì, yóò yí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò gan. Igun eyín BSP jẹ́ dígíríì 55, ti NPT jẹ́ 60. BSP ti ẹnu tírákítọ̀ sábà máa ń lọ tààrà, NPT ń tín-ín-rín lọ síwájú. Mẹkáníìkì á fi sípánà gígùn fún un pa, á fi téèpù funfun yí i, á ní ó ti dé. Títí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ń jò. Téèpù tó ya á sì bá epo lọ, á lọ há sẹ́nu fáàfù kékeré kan tẹ́nikẹ́ni kò ní rí. Tíréèdì tó lọ tààrà, wọ́ṣà onírin tó ní rọ́bà nínú ló ń dí i, kì í ṣe téèpù. Àwọn oní-metric, tí wọ́n fi mílímítà wọ̀n, náà wà, bíi M18 àti M22. Wọ́n á sì máa pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣí 2,000 tírákítọ̀ Belarus ní Abuja níbí lóṣù kẹfà ọdún 2025, torí ilé metric ni àwọn tírákítọ̀ yẹn ti wá. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi agbára de kọ́pùlà mọ́ ara tírákítọ̀ yín. Ìdí kọ́pùlà rọrùn láti pààrọ̀. Bí tíréèdì inú ara fáàfù tírákítọ̀ bá ya, ẹ̀ẹ́ gbàgbé owó kọ́pùlà.

Ó dáa, ó ti bá orí mu, ó ti bá ìdí mu. Kí ló wá wà nínú ti ₦32,000 tí kò sí nínú ti ₦8,500?

Ẹ mú abo méjèèjì lọ́wọ́, ẹ yí ẹnu wọn síta. Ẹ óò rí àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó tò yí ẹnu ká. Àwọn ni wọ́n ń di ọrùn akọ mú. Nígbà tí haidirọ́líìkì bá ń ti akọ láti jáde, orí bọ́ọ̀lù wọ̀nyí ni gbogbo agbára náà dúró lé, ibi kékeré bí orí abẹ́rẹ́ sì ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fi ń kan irin akọ. Bí irin akọ bá rọ̀, bọ́ọ̀lù á máa tẹ̀ ẹ́ wọnú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ fi èékánná họ ibi yíyípo ọrùn akọ yẹn, ẹ óò gbọ́ kòtò kéékèèké lábẹ́ rẹ̀, tó tò bí ihò ọpọ́n ayò. Akọ tó ti dá irú kòtò bẹ́ẹ̀ kì í dúró gírígírí mọ́. Yóò máa mì, yóò sì máa fi ẹnu gé O-ring inú abo. Ẹ̀yin á pààrọ̀ O-ring lónìí, á tún jò lọ́tùnla, ẹ óò sì rò pé O-ring tí wọ́n tà fún yín ló jẹ́ ayédèrú.

Ọ̀nà tí mo fi ń dá irin líle mọ̀ rọrùn. Mo máa ń gbé fáìlì pẹẹrẹ kékeré kan sínú àpò. Màá ní kí oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ kí n fi ha ibi kọ́lọ́fín ọrùn akọ, níbi tí kò ní ba ohunkóhun jẹ́. Lórí irin tí wọ́n sè dáadáa, fáìlì á yọ̀ bí ẹni fi í ha ìgò, kò ní mú. Lórí irin rírọ̀, ó máa ń mú bí eyín, á ha eérú irin sílẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó mọ ọjà rẹ̀ kì í bínú sí i. Èyí tó bá gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú abo. Nínú èyí tó dára, ẹ óò rí O-ring dúdú, ẹ óò sì rí òrùka pẹlẹbẹ kan, funfun lọ́pọ̀ ìgbà, tó jókòó tì í. Òrùka pẹlẹbẹ yẹn ni alátìlẹ́yìn. Nígbà tí epo bá ń sáré gbẹ́nu kọjá bí ẹ ti ń fà á yọ, epo fẹ́ gbé O-ring yẹn lọ. Òrùka yẹn ló ń dì í mú. Nínú ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú, O-ring nìkan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí rọ́bà tó rọ̀ jáde lẹ́nu kọ́pùlà bí ahọ́n ajá.

Ohun tó kù wà ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ò lè fojú rí i lọ́jà, òun ló sì jẹ́ kí n kọ ti ₦8,500 pátápátá fún tírélà yín. Akọ ní fáàfù tirẹ̀, abo ní tirẹ̀, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá kì wọ́n bọnú ara wọn, fáàfù méjèèjì á fi orí kan orí bí àgbò méjì, wọ́n á ti ara wọn sẹ́yìn, ọ̀nà á sì ṣí fún epo. Bí tírélà bá wà lókè tó sì fẹ́ wálẹ̀, epo ń ti inú tírélà sáré bọ̀ wá sínú tírákítọ̀, ó sì ń ti fáàfù méjèèjì síhà tírákítọ̀. Nínú abo tó dára, ibì kan wà tó ń dá fáàfù rẹ̀ dúró, pé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Nínú èyí tí kò dára, fáàfù abo á sá sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, fáàfù akọ á tẹ̀ lé e, á sì lọ padé mọ́ ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀nà pa. Epo kò kọjá mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní oko kan lójú ọ̀nà Abaji. Àgbàdo ni tírélà náà kó. Wọ́n ti gbé e sókè, àgbàdo ti dà tán, wọ́n fa ọ̀pá ìdarí kó wálẹ̀, kò wálẹ̀. Ó dúró gannnn sókè ní ọ̀sán gangan. Wọ́n pè mí wá. Nígbà tí mo dé, ọmọkùnrin kan ti wọ abẹ́ tírélà tó gbé ẹnu sókè yẹn, ó dùbúlẹ̀, ó ń fi sípánà wá ìdí họ́ọ̀sì. Kò sí igi, kò sí irin tó ti tírélà náà lẹ́yìn. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Nígbà tó jáde tán, a fi igi nlá méjì tì í, mo ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tún gbé tírélà náà sókè díẹ̀ sí i, bíi ìbú ọwọ́ kan. Epo tó ń lọ sínú tírélà ti fáàfù méjèèjì padà sí àyè wọn. A yọ igi, gbogbo èèyàn bọ́ sẹ́yìn, a fa ọ̀pá ìdarí jẹ́jẹ́jẹ́, ó sì wálẹ̀. Kọ́pùlà tuntun ni wọ́n fi sí i lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, olówó pọ́ọ́kú. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí dírẹ́bà yín má wọ abẹ́ tírélà tó wà lókè láéláé tí kò bá sí ohun líle tó tì í lẹ́yìn, kọ́pùlà tó wù kó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbóná náà wà níbẹ̀. Kọ́pùlà tí inú rẹ̀ há máa ń fún epo lọ́rùn, agbára tó bá sì sọnù níbẹ̀ á di ooru. Ẹ sọ pé lítà 40 ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tí kọ́pùlà sì jẹ bar 15 níbẹ̀ (bar ni a fi ń wọn agbára tí epo fi ń tì): kílówáàtì kan ló ti sọnù yẹn. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ni ẹ tàn sínú epo yín yẹn, lóṣù kẹta tí Gwagwalada fúnra rẹ̀ ń jó. Fún tírélà tó ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, kò tó nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ so ẹ̀rọ tó ń yí láìdúró mọ́ tírákítọ̀, tó ní mọ́tò haidirọ́líìkì, ìgbà náà ni ẹ óò mọ ìyàtọ̀.

Ti agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ ń ṣiṣẹ́ láàárín bar 150 sí 210. Kọ́pùlà tí wọ́n kọ bar 250 sí fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti tó yín, ó ṣẹ́kù. Àwọn kan á fi bar 1,000 polówó. Ẹ bi wọ́n bóyá agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ ni tàbí agbára tó máa bẹ́ sí. Wọ́n tún lè kọ ọ́ ní psi: 3,000 psi jẹ́ bíi bar 207. Ti idẹ tí wọ́n ń tà fún afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án fún iṣẹ́ yìí.

Òwe wa ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ki ẹran tí ẹ ò ní jẹ bọ inú ọbẹ̀ náà. Wọ́n lè ní kí ẹ fi owó kún un fún rọ́bà Viton. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́bà lásán tí wọ́n ń pè ní nitrile ń fara da ooru epo títí dé bíi dígíríì 100, epo tírákítọ̀ tó bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, àìsàn mìíràn ló ń ṣe é. Irin tí kì í dípẹtà pátápátá náà kò kàn yín, ọ̀dà zinc ti tó, tí ẹ bá ń fọ ajílẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ti ojú pẹlẹbẹ, ISO 16028, dára púpọ̀, eruku kì í dúró lójú rẹ̀, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí tírákítọ̀ yín bá gbé e, gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń so mọ́ ọn ní láti gbé e, títí kan ti àwọn tí ẹ ń yá lọ́wọ́ wọn. Ìnáwó yẹn kò tọ́ sí yín báyìí.

Ohun tí mo máa fi owó kún fún ni kí abo jẹ́ irú èyí tó ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí pín-ìnnì tírélà bá já lójú ọ̀nà, tí tírélà dúró tí tírákítọ̀ ń lọ, abo tí wọ́n dè dáadáa mọ́ ìdè rẹ̀ á yọ akọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí họ́ọ̀sì tó ya. Ó gbọ́dọ̀ ní ojú ìdè lára, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dè é níbẹ̀. Mo ti rí ojúlówó tí wọ́n rà lówó gọbọi, tí mẹkáníìkì kàn fi í jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lẹ́nu họ́ọ̀sì. Wọ́n ra iṣẹ́ tí wọn kò lò.

Ní ti tòkunbọ̀, èmi ò bá yín ta kò ó. Ojúlówó tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan sàn ju tuntun tí irin rẹ̀ rọ̀. Ẹ mì í sétí: kò gbọdọ̀ ró wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi bóòtù irin (bolt) mímọ́ tẹ fáàfù rẹ̀ wọnú, kó ta padà wàrà, kó má fà. Ẹ yí ẹnu rẹ̀ ká, kí bọ́ọ̀lù pé, kí ẹyọ kan má ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ tú ìdí rẹ̀ wò bóyá ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀. Ìpẹtà ìta kò ṣe nǹkan. Lára àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún ti John Deere àtijọ́, torí ṣáájú kí wọ́n tó gba ti ISO, ẹnu tirẹ̀ yàtọ̀. Tíréèdì wọn sì máa ń jẹ́ NPT. Bí ẹ bá rà á, ẹ pààrọ̀ rọ́bà àti òrùka funfun inú rẹ̀ kí ó tó gun tírákítọ̀, bó tiẹ̀ wù kó dára lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó yín ṣírò. Méjì nínú ti Italy jẹ́ ₦64,000, méjì tòkunbọ̀ ₦30,000, méjì olówó pọ́ọ́kú ₦17,000. Ìyàtọ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ₦47,000. Ẹ wo iye tí ẹ ra kẹ́ẹ̀gì epo ìkẹyìn, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mélòó ni ₦47,000? Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tèmi, olówó pọ́ọ́kú tí mo ti tú kúrò lára tírákítọ̀ tó ń ṣe tírélà kì í sábà kọjá àsìkò òjò kan kó tó máa jò. Ojúlówó, rọ́bà ni mo máa ń pààrọ̀ fún un, ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún fi ọjọ́ tí tírákítọ̀ dúró kún un, nígbà tí òjò ti rọ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ Kwali fẹ́ túlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin lẹ mọ iye tí ẹ ń gbà lórí hẹ́kítà kan.

Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ibi tó ti ṣeé dín rèé. Ẹ fi owó sára abo, torí inú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù, rọ́bà àti ìdádúró fáàfù wà. Akọ rọrùn jù ú lọ. Akọ ilé iṣẹ́ mìíràn lè bá a ṣiṣẹ́ dáadáa, bó bá jẹ́ ẹ̀yà A kan náà, tí fáìlì kò sì mú ọrùn rẹ̀. Haró tí kì í lo haidirọ́líìkì ju kó gbé táyà rẹ̀ sókè lórí oko lọ, tòkunbọ̀ lè bá a gbé e. Tírélà ni kí ẹ fún ní tuntun. Èyí máa ń gba ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ méjì lọ́wọ́ ìnáwó àṣejù.

Ẹ ní wọ́n ní ti Italy ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Faster àti Stucchi jẹ́ ilé iṣẹ́ Italy tó ń ṣe kọ́pùlà gidi, Parker ti Amẹ́ríkà ló ni Pioneer, Holmbury wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi ẹnu sọ kì í ṣe orúkọ tó wà lára irin. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ àti àmì ìgbà tí wọ́n ṣe é, tí wọ́n tẹ̀ jinlẹ̀ sínú irin, tí eyín lẹ́tà rẹ̀ mú. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kọ, tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ wọ́, tàbí tí ẹ rí akọ àti abo inú páálí kan náà tí àmì wọn kò jọra, ẹ bèèrè dáadáa. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá lè ta rọ́bà inú rẹ̀ lọ́tọ̀ fún yín, ó dùn mọ́ mi ju ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ ògiri lọ, torí ọjà tí kò ní rọ́bà, ọjà ìjùnù ni.

Ẹ ra ìdérí rọ́bà mẹ́jọ, mẹ́rin fún akọ, mẹ́rin fún abo. Owó wọn kéré jù nínú gbogbo ìnáwó yìí, mo sì rí i pé tírákítọ̀ tó bá ní wọn kì í pẹ́ kí n tó gbàgbé ojú olówó rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku tó wà lójú akọ kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ ti tó láti ya O-ring. Kí dírẹ́bà fi aṣọ mímọ́ nu akọ àti abo kó tó kì wọ́n, kì í ṣe aṣọ tó ti nu táyà. Bí wọ́n bá ti wọra tán, kó ki ìdérí méjèèjì bọnú ara wọn, kí eruku má baà wọ inú wọn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Pàápàá bí ẹ bá ń so ẹ̀rọ tí ẹ yá mọ́ tírákítọ̀ yín: ohun tó wà nínú epo ẹni ẹlẹ́ni ń wọ gíábọ́ọ̀sì yín.

Nígbà mìíràn dírẹ́bà á ní akọ kò wọlé mọ́, á mú òòlù. Kó fi òòlù sílẹ̀. Tírélà ti wà nínú oòrùn, epo inú họ́ọ̀sì gbóná, ó fẹ́ wú, kò sí àyè, ló bá ń ti fáàfù akọ mọ́ra. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó ti ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí tírákítọ̀ rọ̀. Bí kò bá tíì wọlé, kó bo họ́ọ̀sì tírélà sí ibòji, kó dà omi sí i, kó dúró díẹ̀. Ohun tó fa èyí ni pé wọn kò tú agbára rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ họ́ọ̀sì lánàá.

Mo ní mo máa padà sórí ọwọ́. Epo tó ń fín jáde ní bar 200 láti ihò tí ojú kò rí lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́ dókítà. Kì í dun èèyàn ní wákàtí àkọ́kọ́, ojú ihò rẹ̀ kékeré, àwọn dírẹ́bà á sì fi epo pupa pa á, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọwọ́ lè rà, wọ́n lè gé e. Páálí tàbí pátákó ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò. Bó bá gún ẹnikẹ́ni, kó lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kó sọ fún dókítà pé haidirọ́líìkì ló gún òun, kí wọ́n má fi ojú ọgbẹ́ kékeré wò ó.

Nítorí náà, lọ́la tàbí lọ́túnla, ẹ ní kí dírẹ́bà ṣe àyẹ̀wò tí mo sọ lókè. Bó bá jẹ́ O-ring ni, kó wá O-ring lọ. Bó bá jẹ́ kọ́pùlà, kó gbé akọ tírélà kan, abo tó bàjẹ́ kan pẹ̀lú ìdí rẹ̀, géèjì àti fáìlì dání lọ sí Zuba tàbí Apo. Bí ẹ bá wà nítòsí Kaduna, Panteka náà ní ohun púpọ̀. Kó ya fọ́tò àmì tó wà lára èyí tó bá rí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó. Màá wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà.